Ojú Kan Tó Kù Nínú Ìlà Oníjó

Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ayàwòrán, kó kọ́kọ́ bi í léèrè irú àwòrán tó ń yà. Èmi ò béèrè. Ọkọ tèmi kì í fa ìlà, kì í po ọ̀dà pọ̀, kì í fi búrọ́ọ̀ṣì gbálẹ̀ lórí kánfáàsì bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀kán ló fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, tó, tó, tó, bí òrùlé tó ń jò. Bó bá fẹ́ ya ewé, á fi ẹ̀kán ọ̀dà yẹ́lò kan lélẹ̀, á fi ẹ̀kán búlúù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á tún padà sí yẹ́lò, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n fara kanra. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ò ní rí ewé kankan níbẹ̀, ìdọ̀tí lásán lẹ máa rí. Àfi kí ẹ fà sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ojú yín fúnra rẹ̀ bá a po ọ̀dà náà, nígbà náà ni ewé á yọ. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, odidi ọdún ni ó máa ń gbà nílé wa. Bí mo bá sì ráhùn, á ní, "Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Mo máa ń sọ fún un pé mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ tiwa yìí ti pẹ́ lẹ́nu ọgbà jù.

Baba Tóótòòtó ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Èmi náà ní ìnagijẹ tèmi, ó sì lọ́jọ́ lórí ju tirẹ̀ lọ. Òkòtó ni wọ́n ń pè mí nígbà tí mo ń jó nílé ijó tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, nítorí pé bí mo bá ti ń pòyì lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó tó ń wò mí ni òòyì máa ń kọ́. Àwa mẹ́fà la máa ń tò, ìyẹ́ gígùn lórí, síkẹ́ẹ̀tì onípele nídìí, apá lórí èjìká ara wa, tí a ó sì ju ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n fi okùn kan ṣoṣo fà. Ọkọ mi ló ń kun aṣọ ńlá tí wọ́n ń ta sẹ́yìn wa nígbà náà, ojú ọ̀run pẹ̀lú ìràwọ̀. Ibẹ̀ la ti pàdé, ẹ̀kán ìràwọ̀ náà ni kò sì tíì tán nílé wa dòní.

Ọ̀gá tó ni ilé ijó náà báyìí, ọmọ ọ̀gá wa àtijọ́ ni. Ó tún ilé náà ṣe, ó fẹ́ ṣí i padà. Ó wá bá ọkọ mi pé kó bá òun ya àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí a ṣe wà nígbà èwe wa, sórí kánfáàsì tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì, kí òun gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà, kó jẹ́ pé àwa ni ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ rí. Inú mi dùn débi tí mo fi sọ fún gbogbo ilé tó wà ní òpópónà. Mo sọ fún oníbúrẹ́dì. Mo sọ fún télọ̀ tó wà ní ọ̀kánkán wa, mo sì tún un sọ fún un lọ́jọ́ kejì, bóyá kò gbọ́ dáadáa.

Yàrá iwájú lókè ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, yàrá náà sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kánfáàsì gba ògiri kan tán. Tábìlì gba èyí tó kù, pẹ̀lú agolo mílíìkì tí búrọ́ọ̀ṣì kún inú wọn, àkísà, àti àwọn ọ̀dà inú ike, bíi ti ọṣẹ ìfọyín, tí ó ti fún nídìí títí wọ́n fi ká jọ. Bó bá fẹ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ní láti máa fi ẹ̀yìn rìn jáde kúrò nínú yàrá, kó dé orí àtẹ̀gùn, níbi tó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí lórí pákó. Lọ́jọ́ kan, ó fà kọjá àmì, àtẹ̀gùn sì gbà á lálejò. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ó ti wà nísàlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òkòtó, wo apá òsì yẹn," ló kọ́kọ́ sọ, "ó ti ń jáde!" Ìdúró ló fi ń jẹun fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tó yá, ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn ni àkọ́kọ́, èyí tó máa ń dúró ní ìparí ìlà nígbà ayé ijó wa. Ó ti di ìyá àgbà báyìí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ló fi ń rìn. Ó wá wo ara rẹ̀, kò sì dúró kí a júwe ibi tó yẹ kó dúró sí fún un, ó lọ fi imú kan kánfáàsì.

"Yéè!" ló ké. "Ta ló fi ọ̀dà àlùkò kun imú mi? Ṣé àìsàn ló ń ṣe mí nínú àwòrán ni?"

Mo fà á lọ́wọ́ jáde lọ sórí àmì ṣọ́ọ̀kì, mo ní kó yíjú padà. Ó gbé ọwọ́ sí ọrùn ara rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á, ó ń wo ọrùn ọmọdébìnrin tó wà lára ògiri. "Ọ̀rẹ́ mi," ó ní, "àṣé èmi náà ti dáa báyìí rí." Ó sunkún, mo dì í mú. Mo bá a yọ̀ tinútinú, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, mo jowú rẹ̀.

Nítorí pé èmi ni ẹnì kẹta nínú ìlà náà, ọkọ mi sì ti ya ìyẹ́ orí mi, ó ti ya apá mi méjèèjì, ó ti ya síkẹ́ẹ̀tì mi pelepele, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí ojú wà, aṣọ lásán ni. Ó rí róbótó, ó funfun, bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ojú mi dà?" mo bi í.

"Ó ń bọ̀."

Mo tún bi í nígbà tí ojú ẹnì kìn-ín-ní àti ti ẹnì kejì yọ. Ó ní ó ń bọ̀. Ojú ẹnì kẹrin yọ, ti ẹnì karùn-ún náà yọ. Ó bọ́ sí ìdí bàtà wa, ó ń fi ẹ̀kán fàdákà sí bọ́kù wọn, irin tí a fi ń de bàtà, níkọ̀ọ̀kan. Ó ya àwọn fìtílà. Ó ya ọkùnrin tó ń fọn fèrè nísàlẹ̀ ìtàgé. Orí pípá onífèrè rí ọ̀dà gbà, èmi ìyàwó ilé ò rí! Bí mo bá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí mo káwọ́ gbera, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá búrọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dùn mí wọnú eegun. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọkùnrin yìí ti gbàgbé bí mo ṣe rí. Ó rántí bàtà, ó rántí fìtílà, ó rántí Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn tí kò rí fún ọdún gbọọrọ, ẹni tó ń sùn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kò rántí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni wọ́n máa wá gbé àwòrán náà. Mo rí i lọ́kàn mi bí àwọn èèyàn á ṣe máa wọlé, tí wọ́n á máa ka oníjó márùn-ún àti àwo kan.

Lọ́jọ́ tó jáde lọ ra ọ̀dà, mo wọ yàrá náà, mo gbé dígí mi dání. Mo wò ó pé kí ló tilẹ̀ le níbẹ̀? Tó, tó, tó náà ni. A kì í gbé etí odò ká tún máa fi itọ́ ṣanwọ́. Mo gbé dígí ti agolo mílíìkì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán pupa fún ètè. Ẹ̀kán dúdú fún ìpéǹpéjú. Mo fi àwọ̀ ilẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo tún fi púpọ̀ sí i níbi tó máa ń jìn wọnú nígbà tí mo bá rẹ́rìn-ín, torí pé ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin máa ń yìn nígbà náà. Imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. Bí mo ṣe ń ṣe é, ó ń wù mí. Mo ní lọ́kàn mi pé àṣé iṣẹ́ tí ó ń fi gbogbo ọdún yọ mí lẹ́nu kò ju báyìí lọ.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọkọ mi wà lórí àmì ṣọ́ọ̀kì. Ó fọwọ́ bo ẹnu, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni.

"Òkòtó," ó ní, "wá síbí. Jọ̀ọ́, wá wò ó."

Mo lọ dúró tì í, mo yíjú padà. Ewúrẹ́ ni mo rí. Ewúrẹ́ onírùngbọ̀n tó dé ìyẹ́, tó gbé apá lé èjìká ọmọ èèyàn méjì, tó ń jó. Gbogbo àwọ̀ ilẹ̀ tí mo fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti para pọ̀ di irùngbọ̀n láti òkèèrè, ìpéǹpéjú mi sì ti di ìwo. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo di ògiri mú, mo rẹ́rìn-ín débi kan, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lẹ́nu.

Bí ara mi bá balẹ̀, mo máa ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ mi dáadáa. Bí inú bá bí mi, ọ̀wọ̀ á gba ojú fèrèsé lọ.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," mo ní, "ṣé o ti gbàgbé bí mo ṣe rí ni?"

Ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò gbàgbé," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí ni."

Agolo kan wà nítòsí mi, ó sì rí i pé mo rí i.

"Dúró ná, má tíì sọ nǹkan lù mí. Àwọn márùn-ún yẹn, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni mo ti máa ń wò wọ́n, bí gbogbo èèyàn. Ìwọ ńkọ́? Bí o bá wà lórí ìtàgé, bàtà rẹ ni mò ń ṣọ́, kí o má yọ̀ ṣubú. Bí ijó bá sì ti parí báyìí, ọ̀dọ̀ mi lo máa ń sáré wá, kí n bá ọ tú bọ́kù. Láti ìgbà náà, ibi tó o bá wà ni mo máa ń wà. Mo mọ àmì dúdú tó wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ. Mo mọ irun kan tó wà nínú ihò imú rẹ, tí o máa ń gé tó máa ń hù padà. Bí mo bá gbé búrọ́ọ̀ṣì pé kí n ya ojú rẹ, ihò imú yẹn ló máa ń wá. Mi ò lè to ihò imú mọ́ àwọn oníjó! Iṣẹ́ tèmi, òkèèrè la ti ń rí i. Mi ò sì rìn jìnnà sí ọ rí."

Ìbínú mi ń wá ibi tó máa jókòó sí, kò rí.

"Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́," mo ní nígbà tó yá. "Èmi wá ni ọ̀kẹ́rẹ́ náà, àbí?"

"Ìwọ lo sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ìgbà yìí?"

"Báwo ni ọkùnrin ṣe máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò mọ ojú rẹ̀?"

Ó mú àkísà, ó nu ewúrẹ́ mi kúrò. Lẹ́yìn náà, ó lọ sójú fèrèsé, ó wo ilé tó wà ní ọ̀kánkán fún ìgbà díẹ̀, ó sì yíjú sí mi. Ó ní, bí kò bá ṣe mí ní wàhálà, kí n sọdá títì.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni télọ̀ ń gbé, bàlíkónì rẹ̀ sì dojú kọ fèrèsé wa gan-an. Obìnrin tó lẹ́nu ni. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? Ṣé wọ́n lé yín jáde nílé ni?"

"Ọkọ mi ló fẹ́ rí mi," mo ní, "ni mo fi wá sọ́dọ̀ rẹ."

Ó wò mí. "Ẹ jọ ń gbé inú ilé kan náà, kò rí yín níbẹ̀?"

"Ìbéèrè tí èmi náà bi í nìyẹn. Jẹ́ n kọjá sí bàlíkónì rẹ jàre."

Ó fi ègé aṣọ pupa wé mi lórí dípò ìyẹ́, ó ní òun ò lè jẹ́ kí n jáde bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó wá gba owó iná. Mo di irin bàlíkónì mú. Ojú ń tì mí. Ní òdì kejì títì, ọkọ mi ti fa kánfáàsì sẹ́bàá fèrèsé, orí rẹ̀ nìkan àti èjìká rẹ̀ ni mo ń rí.

"Gbójú sókè!" ló pariwo. Oníbúrẹ́dì tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ gbójú sókè. "Gbé ẹsẹ̀ díẹ̀!"

"Orúnkún wo lẹ fẹ́ kí n fi gbé e?" èmi náà pariwo padà. "Ẹ̀yin tí àtẹ̀gùn ilé yín ń jù nù bí àpò èédú!"

Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbàgbé orúnkún, mo pòyì lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi lórí irin. Télọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ìgbà tí mo dúró pé kí n mí ni mo rí ọkọ mi. Láti ibẹ̀, ó kéré. Èjìká rẹ̀ kan ti rẹlẹ̀ ju ìkejì lọ, èmi tí mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Á gbé ojú sókè wò mí, á tẹrí ba fi ẹ̀kán kan sílẹ̀, á tún gbé ojú sókè, bí adìyẹ tó ń mu omi. Kò wo oníbúrẹ́dì, kò wo télọ̀, kò wo ọkọ̀ tó ń fọn fèrè lábẹ́ rẹ̀. Mo rò ó pé bí mi ò bá mọ ọkùnrin yìí rí, tí mo kàn ń kọjá lọ tí mo rí i lójú fèrèsé yẹn, mo máa béèrè ilé rẹ̀. Ara mi ta gìrì bíi ti ọmọdé, ní ọjọ́ orí mi yìí.

Lójoojúmọ́ ni mo fi ń lọ dúró síbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ó sì máa ń ta aṣọ bo kánfáàsì kí n tó sọdá padà. Kò jẹ́ kí n yọjú wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e, ọ̀gá ilé ijó mú alábàárù méjì wá. Ọkọ mi ṣí aṣọ. Ọ̀gá dúró lórí àmì, ó wò ó títí. "Bàbá, wọ́n dáa," ó ní. "Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta yìí..."

Mo rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wò ó.

Ọmọdébìnrin márùn-ún ló wà níbẹ̀, ara wọn ń dán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí èrò. Láàárín wọn ni obìnrin kan wà tí ewú yọ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, tí awọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti dẹ̀. Ó fi orí sẹ́yìn, ó la ẹnu bí ẹni tó ń bú èèyàn láti òkè ilé kan sí òmíràn, inú rẹ̀ sì dùn débi tí kò fi bìkítà ẹni tó ń wò ó. Òkòtó ìgbà èwe ò sí níbẹ̀ rárá. Èmi ni, èmi ti ìsinsìnyí.

"Màmá, ẹ má bínú," ọ̀gá ní. "Àwọn èèyàn á máa béèrè ohun tí ìyá àgbà ń wá láàárín wọn. Bàbá, ṣé ẹ ò lè bá mi fi ẹ̀kán díẹ̀ bo ewú yẹn? Kí ẹ sì fa ọrùn yẹn le díẹ̀?"

Ọkọ mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò. "Ojú rẹ ni," ó ní. "Ohun tó o bá sọ ni mo máa ṣe."

Mo sì mọ̀ pé ó máa ṣe é. Ọmọdébìnrin tí mo ti ń sunkún rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀kán díẹ̀ péré ló kù kí n gbà á padà, kí n dúró sáàárín àwọn ẹgbẹ́ mi bí a ṣe jọ dúró. Ó wù mí. Ta ni kò ní wù?

"Kí ló dé tí ẹ ò yà mí bí mo ṣe wà nígbà yẹn?" mo bi í.

Ó ń nu búrọ́ọ̀ṣì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Àwọn márùn-ún yẹn, mo rántí wọn ni," ó ní. "Ìwọ, mo rí ọ."

Mo yíjú sí ọ̀gá, ọmọ tí mo mọ̀ láti ìgbà tó ń rákò lẹ́yìn ìtàgé. "Gbé e lọ bó ṣe wà," mo ní. "Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ fún wọn pé ìyàwó ẹni tó yà á ni."

Ó tún wo àwòrán náà, ó wò mí, ó tún wò ó. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dà bíi pé ó ń bú mi."

"Ọkọ mi ló ń bú. Tìrẹ ń bọ̀ bí o kò bá ní kí àwọn alábàárù yìí fẹ̀sọ̀ gbé e."

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ojú wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dojú kọ òrùlé. Yàrá náà wá fẹ̀ lójijì. Ọkọ mi ń bọ̀ wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó dúró síbẹ̀ ná, kó wò mí dáadáa. Ó dúró, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, ó sún mọ́ mi títí débi tí kò fi lè rí ojú mi mọ́, mo sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.